BÍ WỌ́N BÁ PÈ Ọ́ SÍ ÌPÀDÉ NÍ ÌLÚ ÒKÈÈRÈ
Ìmọ̀ràn fún ìdílé tí ó fẹ́ rán ẹnì kan lọ, tí ó sì fẹ́ kí ó padà wálé láyọ̀



Ó máa ń ṣẹlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìjọ. Lẹ́yìn ìkéde ọjọ́ Ìsinmi, olùṣọ́-àgùntàn yóò gbé ìwé kan sókè, yóò ní, "Ẹ̀yin ará, àwọn ènìyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù ti pè wá sí ìpàdé àpapọ̀ o." Àtẹ́wọ́ yóò ró, àwọn ìyá ìjọ yóò kígbe Halelúyà, àwọn kan yóò sì ti máa fojú inú rí ara wọn nínú bàálù. Ṣùgbọ́n láti orí àga ìjọ ní Baruwa níhìn-ín títí dé inú gbọ̀ngàn ìpàdé ní ìlú òyìnbó, ọ̀nà jìn, kòtò sì wà lójú ọ̀nà náà. Àwọn kan ti já sínú rẹ̀, owó wọn ṣòfò, orúkọ wọn sì bàjẹ́. Èmi tí mo ń kọ ìwé yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ já sínú ọ̀kan. N ó sọ ọ́ fún yín kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi.

Kì í ṣe òní ni àwọn ọmọ Yorùbá ti ń la òkun kọjá nítorí iṣẹ́ Ọlọ́run. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú nígbà èwe rẹ̀, lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, ní June 29, 1864. Ọkọ̀ ojú omi ni ó wọ̀. Ní ọdún 1983, nígbà tí Billy Graham pe àwọn ajíhìnrere sí Amsterdam, nǹkan bí 4,000 ènìyàn ni ó péjọ. Ní ọdún 2000 tí wọ́n tún pàdé ní ìlú kan náà, wọ́n lé ní 10,000. Àpérò Lausanne wá sí Cape Town ní October 2010, ó sì lọ sí Incheon ní ilẹ̀ Kòríà ní September 2024. Ìjọ Redeemed ti ń kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún jọ fún Festival of Life nínú gbọ̀ngàn ExCeL ní Lọ́ńdọ̀nù. Nítorí náà, ìpè sí òkèèrè kì í ṣe ohun àjèjì láàárín wa mọ́. Bí a ó ti lọ pẹ̀lú ọgbọ́n, tí a ó sì bọ̀ pẹ̀lú ọlá, ni ó kù tí a ní láti kọ́.

KÍ NI O Ń LỌ ṢE?

Kí o tó béèrè iye tí tíkẹ́ẹ̀tì jẹ́, bi ara rẹ ní ìbéèrè yìí. Bí ìdáhùn rẹ bá jẹ́ pé nítorí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń lọ ni, tàbí pé o fẹ́ ya fọ́tò nínú òtútù, jókòó sílé. Olúwa wa sọ̀rọ̀ nípa ọkùnrin tí ó fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ tí kò kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀ (Lúùkù 14:28-30). Ẹ̀sín ni ó gbẹ̀yìn irú ilé bẹ́ẹ̀.

Ẹ jókòó, ọkọ àti aya, kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: owó páspọ́ọ̀tù, owó físà, owó tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀, owó ibùsùn, oúnjẹ, ọkọ̀ inú ìlú, adójútòfò fún àìsàn ojijì, àti owó tí ilé yóò jẹ nígbà tí o kò sí. Ẹ fi díẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ní láti ta ilẹ̀ àwọn ọmọ tàbí kí ẹ yá owó èlé kí ẹ tó lè lọ, ẹ má lọ. Ọlọ́run tí ń sọ̀rọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ń sọ̀rọ̀ ní Baruwa pẹ̀lú.

Ẹ má sì gbàgbé pé gbogbo ìpàdé àgbáyé kọ́ ni ó wà ní ilẹ̀ òyìnbó. Láti ọdún 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ orílẹ̀-èdè wọn lè wọ ilẹ̀ ara wọn láìgba físà, kí ó sì lò tó 90 ọjọ́. Ẹni tí apá rẹ̀ kò ká Lọ́ńdọ̀nù lè lọ sí ìpàdé ní Accra, Lomé tàbí Cotonou. Láti Ìyànà-Ìbà, ọ̀nà Badagry ni yóò gbà dé Sẹ̀mẹ̀. Ṣùgbọ́n àìgba físà kò túmọ̀ sí àìmú ìwé dání. Páspọ́ọ̀tù àti káàdì abẹ́rẹ́ rẹ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ibi dúró sí láti gba owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ rẹ.

PÁSPỌ́Ọ̀TÙ

Ẹ̀rọ kì í mọ̀ pé ìyá Dékúnlé ni ọ́. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ni ó mọ̀. Nítorí náà, orúkọ tí ó wà nínú NIN rẹ, èyí tí ó wà nínú ìwé ọjọ́ ìbí rẹ, àti èyí tí ó wà ní báńkì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, lẹ́tà fún lẹ́tà. Àwọn ìyá tí NIN wọn ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá wọn, tí báńkì sì ń pè wọ́n ní orúkọ ọkọ, ẹ lọ tún un ṣe nísinsin yìí. Ó máa ń gba àkókò.

Ní September 2025 ni owó páspọ́ọ̀tù tún gòkè nílẹ̀ yìí: olójú-ewé 32 tí ń lo ọdún márùn-ún di ₦100,000, olójú-ewé 64 tí ń lo ọdún mẹ́wàá di ₦200,000. Orí ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì ti Àjọ Immigration ni a ti ń kọ orúkọ, tí a sì ti ń sanwó, lẹ́yìn náà ni a ó lọ ya fọ́tò kí a sì tẹ̀ka ní ọ́fíìsì wọn, bí èyí tí ó wà ní Ìkòyí tàbí FESTAC. Ẹni tí ó bá dúró lẹ́nu géètì tí ó ní òun yóò bá ọ "sáré sí i" ń fẹ́ jẹ nínú owó rẹ ni.

Wo ọjọ́ tí páspọ́ọ̀tù rẹ yóò kú. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kì í gba èyí tí kò bá ní tó oṣù mẹ́fà sí i. Ya ẹ̀dà rẹ̀ méjì. Fi ọ̀kan sílé, kí o fi ìkejì sínú báàgì mìíràn.

FÍSÀ: Ẹ̀KỌ́ LÁTI ỌWỌ́ NEHEMÁYÀ

Nehemáyà kò kàn gbàdúrà kí ó sì gbéra. Ó béèrè lẹ́tà lọ́wọ́ ọba, sí àwọn baálẹ̀ tí ó wà lókè odò, kí wọ́n lè jẹ́ kí ó kọjá (Nehemáyà 2:7-9). Ó sọ iye àkókò tí òun yóò lò fún ọba. Lójú mi, gbogbo ohun tí òṣìṣẹ́ físà ń béèrè lónìí wà nínú orí náà: Níbo ni o ń lọ? Kí ni o ń lọ ṣe? Ta ni yóò gbọ́ bùkátà rẹ? Ìgbà wo ni ìwọ yóò padà?

Lẹ́tà ìpè láti ọ̀dọ̀ ìjọ kì í ṣe físà. Ó ń ti ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́yìn ni. Ó yẹ kí ó sọ orúkọ ìpàdé náà, ibi tí yóò ti wáyé, ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí, ibi tí o ó sùn sí, àti ẹni tí yóò sanwó. Ìwọ náà yóò wá fi hàn pé o ní ohun tí yóò fà ọ́ padà wálé: iṣẹ́ rẹ, ìsọ̀ rẹ, ọkọ tàbí aya, àwọn ọmọ, ilé. Fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, físà ìbẹ̀wò a máa jẹ́ kí ènìyàn lò tó oṣù mẹ́fà. A lè béèrè fún un láti oṣù mẹ́ta ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, èsì rẹ̀ a sì máa gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Má ṣe dúró di ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn kí o tó máa pe ìpàdé àdúrà lórí ohun tí ó yẹ kí o ti ṣe ní oṣù méjì sẹ́yìn.

Ní ti Amẹ́ríkà, òfin wọn ń yí padà kíákíá. Ní July 2025 wọ́n dín físà ìbẹ̀wò ọmọ Nàìjíríà kù sí oṣù mẹ́ta àti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ní December ọdún kan náà wọ́n tún kéde pé láti January 1, 2026 àwọn ń dá fífún ọmọ Nàìjíríà ní irú físà bẹ́ẹ̀ dúró. Nítorí náà, má ṣe fi ohun tí ẹnì kan rí gbà ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ṣe òṣùwọ̀n. Lọ béèrè lọ́dọ̀ ẹ́ḿbásì fúnra rẹ̀ kí o tó san kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìtàn arábìnrin kan. Òṣìṣẹ́ rere ni nínú ìjọ kan ní àdúgbò wa. Ejẹ́ǹtì kan sọ fún un pé owó tí ó wà ní àkántì rẹ̀ kéré, pé òun yóò bá a wá owó ńlá tí yóò sùn síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó lè dára lójú òyìnbó. Ó tún bá a ṣe ìwé iṣẹ́ láti ilé-iṣẹ́ kan tí kò tilẹ̀ mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Arábìnrin yìí gbààwẹ̀ lé e lórí. Wọ́n kọ̀ ọ́, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ó purọ́. Ọdún mẹ́wàá ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè fi ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó bá fi irọ́ béèrè físà. Ní Amẹ́ríkà, ó lè jẹ́ títí ayé. Ejẹ́ǹtì náà ti kó lọ. Nígbà tí ọmọ arábìnrin yìí bímọ sí Manchester, kò lè lọ wẹ̀ ẹ́. Ó sọ fún mi pé, "Màmá, kì í ṣe òyìnbó ni ó dùn mí. Ààwẹ̀ tí mo gbà lórí irọ́ ni."

Ẹ̀yin ará, owó kékeré tí ó jẹ́ òtítọ́ sàn ju owó ńlá tí a gbé síbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ lórí òtítọ́, o lè tún béèrè lọ́jọ́ mìíràn.

KÁÀDÌ ABẸ́RẸ́

Ní oṣù March 2012, orílẹ̀-èdè South Africa dá ọmọ Nàìjíríà 125 padà láti pápákọ̀ òfurufú Johannesburg nítorí káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Wọ́n ní àwọn káàdì náà kì í ṣe ojúlówó. Ìjọba wa bínú, àwa náà dá àwọn ènìyàn wọn padà, títí South Africa fi tọrọ àforíjì. Ọ̀rọ̀ náà parí sí rere láàárín àwọn ìjọba, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti padà sílé ti padà sílé.

Nítorí náà, má ṣe ra káàdì lábẹ́ igi. Lọ gba abẹ́rẹ́ náà ní tòótọ́ lọ́dọ̀ àwọn Port Health, kí wọ́n sì fún ọ ní káàdì tí ẹ̀rọ lè yẹ̀ wò. Gbà á, ó kéré tán, ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ìrìn-àjò, nítorí pé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá ni agbára káàdì náà ń bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 2016 ni òfin àgbáyé ti sọ pé abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni.

Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, kó oògùn rẹ dání, kí ó tó gbogbo ọjọ́ tí o ó lò àti díẹ̀ sí i, nínú páálí tí wọ́n fi tà á, pẹ̀lú ìwé dókítà. Inú báàgì ọwọ́ ni kí ó wà. Àpótí lè sọnù. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dúró de àpótí.

ẸRÙ: Ẹ RÁNTÍ IFE INÚ ÀPÒ BẸ́ŃJÁMÍNÌ

Nínú Jẹ́nẹ́sísì 44, ife fàdákà kan wà nínú àpò ọmọ tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àwọn arákùnrin rẹ̀ búra, síbẹ̀ inú àpò rẹ̀ ni wọ́n ti bá a. Ẹ má rò pé ìtàn àtijọ́ nìkan ni. Ní ìparí ọdún 2018, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan gbéra láti Kano lọ sí Saudi Arabia pẹ̀lú ẹbí rẹ̀. Àwọn ọ̀daràn ti fi orúkọ rẹ̀ lẹ báàgì mìíràn tí oògùn olóró wà nínú rẹ̀. Wọ́n mú un, ó sì wà ní àtìmọ́lé títí di ìparí April 2019 kí wọ́n tó dá a sílẹ̀. Ní ọdún 2025, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ sí àwọn arìnrìn-àjò mẹ́ta láti pápákọ̀ kan náà, kí àjọ NDLEA tó fi hàn pé wọn kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ní Saudi Arabia, ikú lè jẹ́ ìdájọ́ ẹni tí ó bá kó oògùn olóró wọ̀lú.

Nítorí náà:

Fúnra rẹ di ẹrù rẹ. Ya fọ́tò rẹ̀ kí o tó fà á kalẹ̀. Ka iye ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn ní pápákọ̀, kí o sì rí i pé kò ju iye àpótí rẹ lọ. Tọ́jú èyí tí wọ́n fún ọ.

Má ṣe bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù tí o kò tú wò. Bí alàgbà ìjọ bá ní kí o bá òun gbé gàrí fún ọmọ òun, fi ọ̀wọ̀ sọ pé, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a jọ dà á sínú ọ̀rá tuntun." Bí ó bá bínú, yóò dáríjì ọ́.

Ẹran gbígbẹ, pọ̀nmọ́, ṣúyà àti wàrà kò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ọ̀dọ̀ wa. Wọn yóò gbà á, wọn yóò sì dà á nù. Ẹ̀fọ́ tútù àti èso náà ní òfin tiwọn. Àwọn ìyá tí ó ń kó aṣọ lọ tà ní ìpàdé, ẹ ṣọ́ra: ẹni tí ó gba físà ìbẹ̀wò kò gbọdọ̀ pàtẹ ọjà fún aráàlú níbẹ̀.

Owó tí ó bá ju 10,000 dọ́là lọ, o gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún àwọn aṣọ́bodè wa kí o tó jáde. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń béèrè bẹ́ẹ̀ fún 10,000 pọ́n-ùn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó ìjọ tí wọ́n fi rán ọ kò yàtọ̀ lójú òfin.

Mú aṣọ òtútù dání. Pọ́ọ̀lù àpọ́sítélì pàápàá ránṣẹ́ sí Tímótì pé kí ó bá òun mú ẹ̀wù tí òun fi sílẹ̀ ní Tíróásì wá, kí ó sì tètè dé ṣáájú ìgbà òtútù (2 Tímótì 4:13, 21). Ẹni tí ó ti orí ooru Èkó lọ sínú November ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú léèsì nìkan yóò fi ìpàdé náà gbọ̀n ni.

ỌJỌ́ ÌRÌN-ÀJÒ

Kúrò ní Baruwa kí oòrùn tó wọ̀, bí bàálù rẹ bá tilẹ̀ jẹ́ ti òru. Àwa tí a mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìyànà-Ìpájà mọ̀ pé kò sí ẹni tí í bá a dájọ́. Ó sàn kí o jókòó ní pápákọ̀ fún wákàtí mẹ́rin jù pé kí o wà nínú dáńfó ní Dọ̀pẹ̀mú nígbà tí wọ́n bá ń ti ìlẹ̀kùn bàálù. Wọn ẹrù rẹ ní ilé. Ìtìjú ni láti máa tú àpótí sílẹ̀ níwájú èrò.

Kó páspọ́ọ̀tù, lẹ́tà ìpè, àdírẹ́sì ibi tí o ó sùn, àti nọ́mbà fóònù ẹni tí yóò pàdé rẹ sínú báàgì kan tí kò ní kúrò lára rẹ. Kọ nọ́mbà náà sórí ìwé pẹ̀lú, nítorí pé bátìrì fóònù lè kú. Tí o bá dé ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè, dáhùn ohun tí ó bi ọ́, ní òtítọ́ àti ní ṣókí. Má ṣe wàásù fún un, má sì ṣe bínú. Bí Gẹ̀ẹ́sì rẹ kò bá já gaara, ní kí wọ́n pe ògbufọ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Nǹkan bí wákàtí mẹ́fà àbọ̀ ni bàálù ń lò láti Èkó dé Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago wa àti tiwọn dọ́gba. Nígbà òtútù, a fi wákàtí kan ṣáájú wọn. Pọ́lọ́ọ̀gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a ń lò nílé ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ti Amẹ́ríkà yàtọ̀. Bí wàhálà bá dé, 999 ni nọ́mbà tí a ń pè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 911 ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Lọ́ńdọ̀nù wà ní 9 Northumberland Avenue. Kọ ọ́ sílẹ̀.

ÌDÍLÉ TÍ O FI SÍLẸ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàdúrà fún ẹni tí ó lọ, wọ́n sì ń gbàgbé àwọn tí ó kù nílé. Ta ni yóò máa mú àwọn ọmọ lọ sí ilé-ìwé? Ta ni ó ní nọ́mbà dókítà? Àwa ní Baruwa tí epo bẹntiróòlù ti ba kànga ọ̀pọ̀ ilé jẹ́ láti àwọn ọdún 1990, ta ni yóò máa ra omi? Ẹ kò sì ní gbàgbé October 8, 2020, nígbà tí gáàsì bú gbàmù ní ọ̀nà Candos, tí ẹ̀mí ṣòfò, tí ilé sì jóná. Kọ́ ọmọ tí yóò máa dáná ní bí a ti ń ti gáàsì pa, kí o sì rí i pé ó mọ̀ ọ́n ṣe kí o tó lọ. Ọkọ tí aya rẹ̀ rìnrìn-àjò, má ṣe fi ọmọ rẹ obìnrin sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni tí o kò mọ̀ dájú, ìbáà jẹ́ pé ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin.

ỌJỌ́ TÍ ÌPÀDÉ PARÍ

Mo ti dé ibi tí mo ṣèlérí.

Àwa mẹ́ta ni ẹgbẹ́ àwọn obìnrin dá owó fún. Wọ́n ta àkàrà, wọ́n ta omi tútù, wọ́n fi ọ̀pọ̀ oṣù kó o jọ, kí a lè lọ ṣojú wọn. Ìpàdé náà dùn. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ó parí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ń gbé ní Peckham wá gbé mi lọ sílé rẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní, "Àǹtí, ẹ má padà. Físà yín ṣì ní oṣù márùn-ún. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó wà, mo mọ ẹni tí yóò fi yín síbẹ̀. Bí físà bá tán, a ó mọ ohun tí a ó ṣe. Ta ni yóò mọ̀?"

N kò ní purọ́ fún yín. N kò sùn lóru ọjọ́ náà. Owó ọ̀sẹ̀ kan tí ó dárúkọ ju èrè tí mo ń rí lórí ìsọ̀ aṣọ mi fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ. Iṣẹ́ ọkọ mi ti dẹnu kọlẹ̀ nígbà náà. Mo ti ń ṣírò owó ilé-ìwé nínú òkùnkùn. Mo tilẹ̀ ti rí ọ̀rọ̀ Bíbélì tí n ó fi ti ara mi lẹ́yìn.

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, mo ṣí báàgì mi láti wá gíláàsì ojú mi, lẹ́tà olùṣọ́-àgùntàn wa sì jáde pẹ̀lú rẹ̀. Ó ti fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun mọ̀ mí, àti pé n ó padà. Ọkùnrin yìí ti fi orúkọ rẹ̀ dúró fún mi níwájú àwọn tí kò mọ̀ mí rí. Bí n kò bá padà, irọ́ ni mo sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ dà. Mo tún rántí àwọn obìnrin tí ó ta àkàrà. Wọn kò ta á kí n lè lọ wá iṣẹ́ ara mi.

Mo sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé kí ó má bínú. Ó bínú. Mo padà ní ọjọ́ Sátidé tí mo ti sọ fún àbígbẹ̀yìn mi. Ẹ má rò pé ọ̀run ṣí tí owó sì rọ̀ sílẹ̀. Ó tó ọdún kan gbáko kí nǹkan tó rọ̀ wá lọ́rùn, ìgbà kan sì wà tí ọkọ mi bi mí bóyá mo kábàámọ̀. Mo ní, "Ní ọjọ́ tí ìrẹsì bá tán, mo máa ń rò ó." Ẹ̀rín pa wá.

Ẹnì kan nínú wa mẹ́ta kò padà. N kò dá a lẹ́jọ́. Èmi náà jókòó lórí àga tí ó jókòó. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní ọdún kẹta, orí fóònù ni ó ti wo ìsìnkú náà, nítorí pé bí ó bá jáde kò ní lè wọlé mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ìpè dé láti ọ̀dọ̀ àwọn ará kan náà, olùṣọ́-àgùntàn wa kò sì fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ẹnikẹ́ni. Ọmọbìnrin akọrin kan tí ó ti ń fojú sọ́nà láti ọdún méjì sunkún lórí àga ìjọ lọ́jọ́ náà. Òun kò ṣe ẹ̀bi kankan.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ tàbí kàwé ní ìlú òyìnbó, ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ wà fún un. Kí ó gba ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe fi orúkọ ìpàdé Ọlọ́run ṣe àkàbà.

Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, mo bẹ̀ yín: ẹ má fọwọ́ sí lẹ́tà fún ẹni tí ẹ kò mọ ilé rẹ̀. Ẹ má ṣe gba owó lórí rẹ̀. Ẹ ní ìwé tí ẹ ń kọ orúkọ gbogbo àwọn tí ẹ bá fún ní lẹ́tà sí, kí ẹ sì pè wọ́n síwájú ìjọ nígbà tí wọ́n bá dé, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Jòhánù alàgbà ní kí a rán irú àwọn arìnrìn-àjò bẹ́ẹ̀ lọ lọ́nà tí ó yẹ Ọlọ́run (3 Jòhánù 5-8). Bí a bá rán wọn lọ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a gbà wọ́n padà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Ọlọ́run tí ó bá Nehemáyà lọ, tí ó sì bá a bọ̀, kí ó ṣọ́ àlọ yín, kí ó ṣọ́ àbọ̀ yín. Ẹ kò ní fi orúkọ rere yín sí ìdálẹ̀. Ẹ ó bá ilé yín ní àlàáfíà. Àmín.